"Inflation" àti "Ọ̀wọ́n Gógó": Ǹjẹ́ Ọ̀kan Náà Ni Wọ́n?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín. Bí mo ti pè yín ní ọ̀wọ́n yìí, kì í ṣe pé ẹ gbówó lórí, kì í sì í ṣe pé ẹ ṣòro láti rí. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé ẹ níyì lójú mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ẹrù mẹ́ta ni ó rù: ohun tí a kò rí tó, ohun tí owó rẹ̀ ga, àti ohun tí a fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni mo fi ṣi ìyá mi lọ́nà ní ọdún 2025, tí owó àjọ wọn kò sì fi tó ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Mo gbà pé àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ju àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé lọ pàápàá.

Ẹja yìnyín ni ìyá mi ń tà ní Ọ̀ṣogbo. Wọn kò ní fírísà tiwọn. Alaalẹ́ ni wọ́n máa ń kó èyí tí ó bá ṣẹ́kù lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ó ní fírísà ńlá, wọn a sì san owó ààyè rẹ̀. Bí iná bá lọ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹni tí ó ni ẹja ni ó ni òfò. Èyí ni ó mú kí wọ́n bá àwọn obìnrin mẹ́sàn-án mìíràn dá àjọ, N40,000 ní oṣooṣù, kí wọ́n lè fi owó tiwọn ra fírísà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ ìbò, ìgbẹ̀yìn pátápátá ni ó bọ́ sí ìyá mi lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì ni ó kọ́kọ́ kó, ní oṣù karùn-ún ọdún 2024: N400,000. Ìyá mi kó tiwọn ní oṣù kejì ọdún 2025: N400,000.

Ní oṣù kejì náà ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe ìṣirò ìlú, èyí tí a mọ̀ sí NBS, kéde pé "inflation" ti kúrò ní 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó wà ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ó ti di 24.48 ní oṣù kìíní ọdún 2025. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi gbọ́ ọ lórí rédíò. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tí ó ń kàwé ní yunifásítì: "Màmá, wọ́n ní ọ̀wọ́n gógó ti wálẹ̀ o!" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé kí n ṣì mú sùúrù lórí fírísà yẹn nìyẹn?" Mo ní, "Ẹ mú sùúrù, mà." N385,000 ni wọ́n ti ná fírísà náà sí. Wọ́n fi owó pamọ́, wọ́n ń retí kí ó wálẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, N430,000 ni ọlọ́jà pè é, kò sì gbà kí wọ́n yọ kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀.

Irọ́ kọ́ ni ìjọba pa fún mi. Rédíò náà kò purọ́. Èmi tí mo túmọ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ tí kò bá a mu rọ́pò ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀.

OHUN TÍ ÒYÌNBÓ Ń PÈ BẸ́Ẹ̀

"Inflation" kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó láti ìbẹ̀rẹ̀. Èdè Látìnì ni Òyìnbó ti mú un, níbi tí "inflare" ti túmọ̀ sí kí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú nǹkan. Títí di òní, ohun tí fọkanáísà ń ṣe sí táyà ní ẹ̀bá títì, ọ̀rọ̀ kan náà ni Òyìnbó fi ń pè é. Ẹ fi ojú inú wo táyà náà. Bí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ ni ó ń tóbi sí i, ṣùgbọ́n rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é kò pọ̀ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Atẹ́gùn ni ó pọ̀ sí i.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ọ̀rọ̀ owó ní nǹkan bí ọdún 1838. Ní ìgbà náà, àwọn báńkì ilẹ̀ náà ni wọ́n ń tẹ owó bébà fúnra wọn, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kọjá wúrà àti fàdákà tí ó wà nínú àpótí wọn. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ "inflation" nígbà náà, owó bébà ni ó sọ pé ó wú, kì í ṣe ọjà. Nígbà tí ogun abẹ́lé wọn dé, tí ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó bébà ẹlẹ́yìn àwọ̀ ewé ní ọdún 1862, ọ̀rọ̀ náà di ohun tí tẹrú tọmọ ń sọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ kúrò lórí owó tí ó sì bọ́ sórí ọjà. Lónìí, ohun tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ń fi ọ̀rọ̀ náà sọ ni pé owó ọjà lápapọ̀ ń gòkè, ó sì ń gòkè láìdáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ fa ìlà sí ìdí "lápapọ̀." Ní ọdún 2016, kòkòrò kan ba oko tòmátì jẹ́ ní agbègbè Kàdúná àti àyíká rẹ̀, tòmátì sì di ohun àpéwò ní ọjà wa gbogbo. Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà lásán se ọbẹ̀. Ọ̀wọ́n nìyẹn, ọ̀wọ́n gidi. Ṣùgbọ́n tòmátì nìkan kò lè di "inflation," bí ó ti wù kí ó dùn wá tó. Bí oko bá tún so, tòmátì á tún pọ̀, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ẹ fa ìlà kejì sí ìdí "ń gòkè." A óò padà sórí ìyẹn láìpẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń sọ pé a kò ní ọ̀rọ̀ fún un nítorí pé nǹkan náà fúnra rẹ̀ kò sí láwùjọ wa kí Òyìnbó tó dé. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ka ìtàn owó ẹyọ. Ogójì ẹyọ ni àwọn baba wa ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ ni ó di ẹgbàá, 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó kún inú àpò kan, èyí tí a ń pè ní ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ẹyọ kékeré láti erékùṣù Maldives ni ó wọ́pọ̀ nínú owó yìí tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ jìnnà, kíkó rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1840 sí àwọn ọdún 1850, àwọn oníṣòwò Jámánì láti ìlú Hamburg rí i pé irú ẹyọ mìíràn, tí ó tóbi ju ti Maldives lọ, wà ní etíkun Zanzibar ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, owó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n ń tà á níbẹ̀. Wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun kó o wá sí Èkó, wọ́n ń fi ra epo pupa. Bí ọkọ̀ kan ti ń lọ ni òmíràn ń dé. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, iye tí ọ̀kẹ́ owó ń rà ti já wálẹ̀ gidigidi. Epo kò ṣọ̀wọ́n, iṣu kò ṣọ̀wọ́n. Owó ni ó pọ̀ jù. Ẹ wo baba kan tí ó ti kó ọ̀kẹ́ owó sí yàrá de ọjọ́ ogbó. Ọ̀kẹ́ náà pé, olè kò mú ọ̀kan níbẹ̀, àmọ́ kò lè fi ra ìdajì ohun tí ì bá fi í rà nígbà tí ó kó o síbẹ̀. Bí èyí kì í bá ṣe "inflation," kí ni kí a wá pè é?

Ọ̀nà kan náà ni náírà ń tọ̀, bébà ni ó kàn fi rọ́pò ẹyọ. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ṣílè mẹ́wàá ni náírà kan, sísì sì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Ní ọdún 1977 ni a rí N20. Ó wá di N50 ní ọdún 1991, N100 ní 1999, N200 ní 2000, N500 ní 2001, àti N1,000 ní 2005. Ìjọba kì í dédé tẹ owó ńlá. Ìgbà tí owó kékeré kò bá lè ra nǹkan mọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Owó onírin N1 àti N2 tí wọ́n ṣe jáde ní ọdún 2007 ńkọ́? Èmi kò tíì rí oníṣòwò kan tí ó fi í ṣe ṣéńjì fún mi rí. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ tí a fi ń ka mílíọ̀nù kan, orúkọ ńlá ni. Nígbà èwe àwọn òbí wa, ẹni tí ó bá ní in, gbajúmọ̀ ni. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ lónìí kí ẹ gbọ́ èsì wọn.

WỌ́N ÀTI PỌ̀

Ẹ wá jẹ́ kí a wo èdè tiwa. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò: wọ́n àti pọ̀. Bí a bá ní "ẹja wọ́n lónìí," ṣé kò sí ẹja lọ́jà ni àbí owó rẹ̀ ga? Méjèèjì ni. Bí a bá ní "ojú rẹ wọ́n," kò sí ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀ rárá. Àìrí ènìyàn déédéé ni a ń wí. Bákan náà, bí alájàpá bá ní "ọ̀pọ̀ ni mo rà á," kò sọ pé òun rà púpọ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé owó tí òun san kò tó nǹkan. Èdè wa ti so bí nǹkan ti pọ̀ tó àti bí owó rẹ̀ ti ga tó mọ́ ara wọn sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: èyí tí ó bá pọ̀, ọ̀pọ̀ ni a óò rà á, èyí tí kò bá pọ̀, á wọ́n. Ọgbọ́n ńlá ni. Odindi orí ni àwọn ìwé ètò ọrọ̀ ajé fi ń ṣàlàyé ohun tí àwọn baba wa fi sínú ọ̀rọ̀-ìṣe méjì onísílébù kan.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ibi tí ó mọ. Ojú ọjà nìkan ni ó ń wò, kò wo ojú owó. Bí ọjà bá kún fọ́fọ́ tí a kò sì lè rà á nítorí pé owó ọwọ́ wa ti di yẹpẹrẹ, wọ́n kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ nípa owó náà. Ọjà ni yóò dá lẹ́bi.

Ẹ wo bí a ti ń lo "ọ̀wọ́n gógó" fún nǹkan mẹ́ta tí kò jọra. A ń sọ pé ọ̀wọ́n gógó epo bẹntiróòlù wà, nígbà tí ọkọ̀ bá tò láti ẹnu ọ̀nà ilé epo títí dé oríta tí kò sì sí epo nínú ẹ̀rọ. Èyí jẹ́ àìsí epo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí báńkì àpapọ̀ pààrọ̀ àwọ̀ N200, N500 àti N1,000, tí bébà owó sì di ohun tí a ń fi owó rà lọ́wọ́ àwọn oní-POS, gbogbo wa ni a ń ké pé ọ̀wọ́n gógó náírà dé. Èyí náà tọ̀nà, nítorí owó gan-an ni kò sí. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni èyí tí a fi ń túmọ̀ "inflation." Ẹ fi èkejì àti ẹ̀kẹta síra, kí ẹ wò wọ́n dáadáa. Nínú ọ̀kan, owó wọ́n. Nínú èkejì, àìwọ́n owó ni àìsàn náà. Orúkọ kan náà ni a sì fún ebi àti àjẹkì!

Mo fẹ́ ṣọ́ra níhìn-ín kí olùkọ́ kan láti ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé má baà dá mi dúró lọ́nà. Kì í ṣe owó títẹ̀ nìkan ni ó ń fa ìgbówólórí. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n jẹ́ kí náírà wá ipò tirẹ̀ lójú dọ́là. Dọ́là kan tí kò tó N500 ní báńkì kí èyí tó ṣẹlẹ̀ kọjá N1,500 ní ọdún 2024. Ẹja yìnyín tí ìyá mi ń tà, láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ọkọ̀ tí ó ń gbé e láti Èkó sì ń mu epo. Kí ni kò ní gbówó lórí níbẹ̀? Àwọn àgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìjọba kò sì tíì gbàgbé owó Údójì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 ni wọ́n san àfikún owó oṣù náà pẹ̀lú gbèsè ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan ra rédíò, àwọn kan ra fáànù, àwọn kan ra alùpùpù. Ọdún náà gan-an ni owó ọjà fi nǹkan bí 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, tí àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń san owó ohun tí wọn kò bá wọn jẹ. Ti ọdún 1995 tún burú ju ìyẹn lọ: ó tó nǹkan bí 73 nínú ọgọ́rùn-ún.

GÍGA ÀTI ÌYÁRA

Èyí ni ibi tí mo ti ṣubú. Nọ́ńbà tí NBS ń kéde kì í ṣe owó ọjà. Bí owó ọjà ti yára gòkè tó láàárín ọdún kan ni. Ohun tí a rà ní N1,000 ní oṣù kejìlá ọdún 2023, bí owó rẹ̀ bá bá ti gbogbo ọjà rìn, N1,348 ni a óò rà á ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Kí a wá gbà pé ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nọ́ńbà náà wálẹ̀ di 15. Àwọn oníròyìn á ní "inflation" ti wálẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Èló wá ni ọjà náà? N1,550 ni. N1,348 kò padà wá mọ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ N1,000.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé. Ọmọ kan fi íńṣì mẹ́rin ga sí i ní èṣí, ó sì fi íńṣì méjì ga sí i ní ọdún yìí. Bí ẹnìkan bá lọ sọ fún télọ̀ pé "gíga ọmọ náà ti wálẹ̀," ṣòkòtò tí télọ̀ yóò rán kò ní dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo lọ bá télọ̀ yẹn sọ̀rọ̀.

Bí mo bá ní "ọ̀wọ́n gógó ti wálẹ̀," kí ni Yorùbá gbọ́? Ipò ni wọ́n ń sọ. Bí ata bá wọ́n, ó wọ́n náà nìyẹn. Bí ọ̀wọ́n bá sì lọ, ohun tí ó kàn ni ọ̀pọ̀. Kò sí ààyè fún ìyára nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ retí pé owó ọjà yóò dínkù, bí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìyá mi gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìyẹn gan-an ni ó kó bá wọn.

Ó tún ku ohun kan nípa oṣù kìíní ọdún 2025 yẹn. Kì í ṣe pé ìyára náà dédé já láti 34.80 sí 24.48 láàárín oṣù kan. Wọ́n pààrọ̀ kọ́ńgò ni. Ọdún 2009 ni NBS ti ń fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá yí i padà sí ọdún 2024, wọ́n sì tún agbọ̀n ọjà tí wọ́n fi ń wọn owó tò. Oúnjẹ, tí ó ń gba nǹkan bí 52 nínú ọgọ́rùn-ún agbọ̀n náà, wá ń gba nǹkan bí 40, wọ́n sì fún oúnjẹ tí a ń rà jẹ ní búkà àti ilé oúnjẹ ní ààyè tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi kò sọ pé màgòmágó ni. Kọ́ńgò ọdún 2009 ti gbó, ọ̀nà tí a ń gbà náwó sì ti yí padà láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́lùbọ́ bá pààrọ̀ kọ́ńgò rẹ̀, a kì í fi iye kọ́ńgò àná wé tòní kí a sì sọ pé èlùbọ́ ti pọ̀ sí i. Èmi fi wé e, mo sì pe ìyá mi lórí fóònù.

Àwọn ni wọ́n wá kọ́ mi ní ìtumọ̀ "inflation" nígbẹ̀yìn. Mo lọ sílé ní oṣù kẹfà náà, mo ń tọrọ àforíjì. Wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja lọ, wọn kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì kó N400,000, ó ra fírísà, ó tún fi ṣéńjì ra páálí ẹja. Èmi náà kó N400,000. Orúkọ kan náà ni owó méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó kan náà." Mo ti ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé mẹ́ta ní ilé-ìkàwé wa, kò sí èyí tí ó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ro bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó fún ẹni tí ó ń dá àjọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni a fi ń dá àjọ, pé ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kó ni ẹni ìkẹyìn yóò kó. Iye kò yẹ̀, kò sí ẹni tí ó ja ẹnikẹ́ni lólè, síbẹ̀ ẹni tí ó kó gbẹ̀yìn ti fi nǹkan tọrẹ fún ẹni tí ó kọ́kọ́ kó láìmọ̀. Àwọn obìnrin mẹ́wàá náà ti pín ara wọn sí ọ̀nà méjì báyìí, márùn-ún márùn-ún, kí ìgbẹ̀yìn má baà jìnnà jù.

KÍ NI KÍ A WÁ MÁA SỌ?

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 ti ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé lórí. Iṣẹ́ ti owó àti ọjà ṣì kù nílẹ̀. Àbá tèmi ni pé kí a fi "ọ̀wọ́n" sílẹ̀ fún ohun tí ó bá ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́, bí epo tí kò sí ní ilé epo. Fún "inflation," kí a máa lo "ìgbówólórí ọjà," tí àwọn kan ti ń lò tẹ́lẹ̀.

Mo gbé àbá yìí lọ bá ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa, ó sì kò mí lójú. Ó ní "ata gbówó lórí" náà lè jẹ́ ipò, gẹ́gẹ́ bí "ata wọ́n" ti jẹ́ ipò. Ó ní orúkọ tuntun kọ́ ni yóò wo àrùn náà sàn. Òótọ́ ni. Mo padà sí yàrá mi, mo rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì rí i pé "ń" ni ó yẹ kí n ti máa wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ. "Ọjà gbówó lórí" yàtọ̀ sí "ọjà ń gbówó lórí." Ìrìn ni "ń" ń fi hàn, ohun tí ó bá sì ń rìn, a lè sọ bóyá ó yára tàbí ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé "inflation" ti wálẹ̀, kí òǹtúmọ̀ má wá ọ̀rọ̀-orúkọ kan tí yóò fi dí ojú rẹ̀. Kí ó sọ pé: "Ọjà ṣì ń gbówó lórí, ṣùgbọ́n kò yára tó ti tẹ́lẹ̀." Ó gùn ju gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lọ, mo mọ̀. Àwọn tí ń ka ìròyìn kò fẹ́ràn gbólóhùn gígùn, wọ́n á ní àkókò kò sí. Ẹ bá mi bi wọ́n pé ta ni yóò san N45,000 tí ó lé lórí fírísà. Ìgbà tí owó ọjà bá sì ń wálẹ̀ ní tòótọ́, èyí tí Òyìnbó ní orúkọ mìíràn fún, ìgbà náà ni kí a tó sọ pé "owó ọjà ń wálẹ̀."

Ìyá mi ra fírísà náà ní oṣù kẹjọ. Èmi fi N15,000 kún un nínú owó tí mo rí níbi iṣẹ́ ìsinmi, wọ́n sì yá ìyókù lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Láti ìgbà náà, bí NBS bá ti kéde nọ́ńbà oṣù kan, wọ́n máa ń pè mí kí n tó pè wọ́n. Wọn kì í béèrè iye rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé, "Ṣé ó dúró ni, àbí ó kàn ń rọra rìn?" Mo máa ń ní, "Ó ń rọra rìn ni, mà." Wọn á ní, "Ó ṣì ń gòkè nìyẹn. Jẹ́ kí n tètè lọ gbé ẹja tèmi."